Kí Ẹ Tó Sanwó Tíṣà Lẹ́sọ̀n Báyọ́lọ́jì, Ẹ Gbé Ẹ̀wà Kan Lé E Lọ́wọ́

Ìwé nóòtì mẹ́ta ni àbúrò mi obìnrin kọ kún láàárín oṣù mẹ́jọ tí tíṣà lẹ́sọ̀n fi ń wá sílé wa. Ìwé tó mọ́ rekete ni: bírò pupa fún àkọlé, búlúù fún àlàyé. ₦15,000 ni màmá wa ń san lóṣù, láti inú èrè ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ń tà. Nígbà tí èsì WAEC jáde, D7 ló wà níwájú báyọ́lọ́jì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, ẹ sì mọ̀ pé tí kò bá tó C6, kò sẹ́ni tó máa wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, kí ló dé tí owó mi ò ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń bi í.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bi àbúrò mi pé kí ni osmosis. Kíá, ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo wá ní, "Ó dáa. Tí a bá da iyọ̀ sára ìgbín, kí ló dé tí omi fi ń jáde lára rẹ̀ tó sì ń súnkì?" Ó dákẹ́. Mo ní, "Osmosis kan náà ni o." Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, tíṣà ò kọ ìyẹn fún wa."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí owó Màmá gbà lọ. Ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ láti kọ sílẹ̀ ni a gbà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà ní báyọ́lọ́jì.

Kí ni ìdánwò náà ń béèrè gan-an?

Ẹ jẹ́ ká wo síléébù WAEC fún báyọ́lọ́jì. Pépà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Pépà 1 jẹ́ ìbéèrè 50 tí ọmọ á ti mú ìdáhùn láti A sí D, ní ìṣẹ́jú 50, fún máàkì 50. Pépà 2 ni theory: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40, fún máàkì 70. Pépà 3 ni practical: wákàtí 2, fún máàkì 80.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú máàkì 200, practical nìkan kó 80. Ìyẹn ni 40 nínú 100. Àbúrò mi ò fi pẹ́ńsù ya nǹkan kan rí níwájú tíṣà yẹn, kò sì fọwọ́ kan ewé, irúgbìn tàbí eegun kankan, láàárín oṣù mẹ́jọ.

Ohun tó ń fa èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ìdánwò JAMB ni ọ̀pọ̀ tíṣà lẹ́sọ̀n fi ń lé eré. Ìbéèrè 40 ni ti báyọ́lọ́jì níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì sí practical. Ẹni tó bá ti ní ìwé past question lọ́wọ́ lè dá kíláàsì sílẹ̀ lọ́la. Past question dára o, mi ò bú u. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ yá. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan ni ọmọ ń jẹ, á dé iwájú Pépà 3, wọ́n á gbé irúgbìn kan sílẹ̀ fún un pé kó yà á, á sì máa wò ó bí ìgbà tí àlejò bá wo ìlẹ̀kùn tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i.

Ẹ tún ṣọ́ nǹkan kan: ọmọ tó bá ń tún ìdánwò ṣe lọ́dọ̀ ara rẹ̀, tí kì í ṣe ti iléèwé, kì í sábà bá nǹkan gidi pàdé nínú Pépà 3. Orí ìwé ni wọ́n ti máa ń dán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò nípa iṣẹ́ practical. Ó yẹ kí tíṣà mọ èyí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣìnà

Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ́ ọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjà fi dé. Tí mo bá bi í bóyá ó yé e, á ní, "Ó ti yé mi, Bọ̀ọ̀dá mi," kí n lè fi í sílẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò yé òun, èmi náà ò sì ní sùúrù tí mo máa ní fún ọmọ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó jáde pẹ̀lú first class. Orí ẹ̀ pé, ó sì kó èèyàn mọ́ra. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́ ọ bí ewé ṣe ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ, orúkọ àwọn ẹ́ńsáìmù ló ń tú jáde, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó rú àbúrò mi lójú ni pé ṣé láti inú ilẹ̀ ni igi ti ń jẹun àbí láti inú afẹ́fẹ́. Kò bi í, ọ̀rẹ́ mi ò sì mọ̀ pé ìbéèrè náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà tipẹ́ máa ń gbàgbé oríta tí àjèjì ti ń ṣìnà.

Oníbàárà Màmá kan ló júwe ìyá àgbàlagbà kan fún wa, tíṣà iléèwé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ọjọ́ kan wò ná, ká tó sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní kò burú, pé kí a rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí a sì wá bíléèdì kan.

Ọjọ́ ẹ̀wà

Àbúrò mi ti gbé ìwé àti bírò síwájú. Mama ní, "Ọmọ mi, pa ìwé yẹn dé. Wo ẹ̀wà yìí, kí o sọ ohun tí o rí fún mi."

Ó ní òun rí ẹ̀wà. Mama rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún un wò. Ó rí ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ló rò pé ojú náà jẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ títí ó fi sọ fúnra rẹ̀ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibi tó ti so mọ́ èèpo nígbà tó wà lóko. Ìdodo ẹ̀wà nìyẹn, ohun tí ìwé ń pè ní hilum. Wọ́n ní kó rọra tẹ ẹ̀wà náà, omi kékeré sì yọ láti inú ihò kan nítòsí ìdodo yẹn. Micropyle rèé, tó ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ pé inú ìkòkò Màmá ló wà lójoojúmọ́.

Wọ́n wá gbé pẹ́ńsù fún un. Ìlà kan ṣoṣo tó dán, kò gbọdọ̀ fi pẹ́ńsù kun inú rẹ̀ dúdú. Rúlà ni kó fi fa ìlà tó lọ sí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ìlà náà má dá ara wọn kọjá, kó má sì fi orí ọfà sí wọn. Àkọlé gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n ní kó wọn ẹ̀wà náà: 1.2 cm. Ó wọn àwòrán rẹ̀: 12 cm. Ó pín in, ó kọ "×10 cm". Mama bi í pé, "Sẹ̀ǹtímítà kí ni?" Ó ronú títí, ó sì fúnra rẹ̀ pa "cm" rẹ́. Iye ìgbà tí àwòrán fi tóbi ju ẹ̀wà lọ ni, kì í ṣe gígùn nǹkan kan.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fún un ní iṣẹ́ ilé: kó gé ọ̀dùnkún tútù sí ọ̀pá méjì tó gùn bákan náà, kó fi ọ̀kan sínú omi lásán, èkejì sínú omi iyọ̀. Kó tún bọ ẹ̀kẹta kó tó fi í sínú omi iyọ̀, kó sì wá sọ ìdí tí ti ẹ̀kẹta fi yàtọ̀. Ọjọ́ kejì ni àbúrò mi wá bá mi, mi ò pè é: "Bọ̀ọ̀dá mi, iná ti ba awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Kò sí ohun tó máa yan ẹni tó máa kọjá mọ́." Mo mọ̀ pé a ti rí tíṣà.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ní 1984, Benjamin Bloom ti Yunifásítì Chicago kọ̀wé pé ọmọ tó wà láàárín gbùngbùn nínú àwọn tí olùkọ́ ń kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣe dáadáa ju nǹkan bí 98 nínú 100 ọmọ tó wà ní kíláàsì lásán lọ. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé àǹfààní náà kì í sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé àwọn olùkọ́ yẹn kì í kàn jókòó ti ọmọ. Wọ́n ń dán an wò, wọ́n ń tún ibi tó ti ṣì ṣe, kí wọ́n tó lọ síwájú.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló borí, 81 sí 75 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó tún un kà rántí 42, àwọn tó dán ara wọn wò rántí 56. Ìdí nìyẹn tí ìwé nóòtì tó kún fi ń tan òbí jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ lẹ́sọ̀n, ó dà bíi pé ọmọ ti mọ gbogbo rẹ̀.

Ní ti èdè, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ṣe dáadáa ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ò gbẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ máa fi kọ ìdánwò, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ yé e ná.

Ọ̀kan nínú mẹ́rin

Mo fẹ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju máàkì lọ. Nínú nóòtì tíṣà àkọ́kọ́, a rí i pé tí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AS, "ọmọ kan nínú mẹ́rin á jẹ́ SS." Ibẹ̀ ló parí sí. Àbúrò Màmá, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ AS, ní ọmọkùnrin kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Oyún kejì wà nínú wọn nígbà náà, ọkàn wọn sì balẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀kan nínú mẹ́rin ti dé. Ó kù mẹ́ta."

Àbúrò mi gbé abọ́ méjì wá, ó fi ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. "Àǹtí mi, ẹ dijú, ẹ mú ọ̀kan nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí méjèèjì bá pupa, SS nìyẹn. Ẹ dá wọn padà, ẹ tún mú." Wọ́n mú un bíi ìgbà mẹ́wàá. Pupa méjì jáde lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. "Àǹtí mi, ẹ̀wà ò mọ ohun tí ẹ mú ṣáájú. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀kan nínú mẹ́rin tirẹ̀."

Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́yìn: nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin, nǹkan bí 32 nínú 100 ni kò ní ní SS kankan, nǹkan bí 26 nínú 100 á ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá bí i, kíá ni àwọn máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò, torí tí a bá tètè mọ̀, ìtọ́jú á tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti bí i, wọ́n sì ti gbé e lọ. Èsì yẹn, ọ̀rọ̀ inú ilé wọn ni.

Tó bá kan yín

1. Ẹ bèèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe nípa practical. Tí wọ́n bá ní "tó bá kù díẹ̀ kí ìdánwò dé," ẹ máa wá ẹlòmíràn.

2. Ẹ ṣe ọjọ́ kan wò kí ẹ tó sanwó oṣù. Ẹ jókòó sí kọ̀rọ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ tíṣà nìkan ló ń sọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

3. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn. Kò dìgbà tí ẹ bá ka sáyẹ́ǹsì.

4. Tí owó bá wọ́n, ẹ kó ọmọ mẹ́ta pọ̀. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, àwọn ọmọ náà sì ń bi ara wọn ní ìbéèrè.

5. Pálọ̀ ni kí wọ́n ti kọ́ ọmọ, kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹni yòówù kí tíṣà jẹ́. Ẹni tó bá sì ṣèlérí expo fún yín, ẹ má jẹ́ kó jókòó.

Àbúrò mi ti tún ìdánwò náà ṣe. Èsì ò tíì jáde, Màmá sì ń bèèrè lójoojúmọ́. Àwọn ìwé nóòtì mẹ́ta yẹn wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ló ti ń ya àwòrán.