Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Inú PS2 Tí A Gbá ní Niangon

Ṣé o mọ̀ pé tí wọ́n bá kó gbogbo PlayStation 2 tí wọ́n tà láyé jọ, tí wọ́n sì pín in fún ará Yopougon ní Abidjan nìkan, títí kan ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ní Niangon, ọgọ́rùn-ún ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò sì tún ṣẹ́kù? Èyí tí wọ́n tà lé ní 160 mílíọ̀nù. Ìkànìyàn ọdún 2021 sì ka ènìyàn 1,571,065 ní Yopougon. Jókòó kó o ṣírò rẹ̀ wò!

Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìjọba ń bẹ̀rù ẹ̀rọ géèmù? Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ìjọba Jàpáànù ní ẹni tó bá fẹ́ kó PS2 jáde nílùú àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ, torí wọ́n ní agbára inú rẹ̀ tó èyí tí ológun lè fi darí ohun ìjà tó ń fò. Ẹ̀rọ tí à ń fi gbá Arsenal àti Barcelona yìí kan náà o!

Kò tán síbẹ̀. Ní 2003, University of Illinois ní Amẹ́ríkà so PS2 tó lé ní 60 pọ̀ mọ́ra, wọ́n sọ wọ́n di kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo fún ìṣirò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ǹjẹ́ o rántí àwọn òpó gàgàrà tó máa ń yọ nínú òkùnkùn aláwọ̀ búlúù nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ náà? Gbogbo wa la rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Irọ́! Géèmù tó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì rẹ ló ń hù níbẹ̀: bí géèmù tó o ti ṣe bá ṣe pọ̀ tó ni òpó ń pọ̀ tó, èyí tó o sì lò jù lọ ni òpó rẹ̀ ń ga jù. Fi káàdì tuntun sí i, ilẹ̀ á mọ́ kedere, òpó kan kò ní yọ. Ṣùgbọ́n ní ilé géèmù tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń lo káàdì kan láti ọdún dé ọdún, òpó á dúró ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ bí igbó. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ ni wọ́n ń fi hàn ọ́ láràárọ̀, ìwọ sì ń kánjú kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀!

Gbogbo káàdì ọ̀hún kò ju mẹ́gábáìtì 8 lọ. Fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta láti inú fóònù òde òní ti lè kún un bámúbámú, bẹ́ẹ̀ ó gba odindi líìgì, owó CJ inú GTA San Andreas, àti ibi tí Kratos inú God of War bá ìjà dé.

Tí ògbólógbòó PS2 oníke ńlá bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, sáré lọ fọwọ́ kan àmì PS kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí sídì ń wọlé. Ó ń yí! Ẹ gbé ẹ̀rọ náà nàró tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ lè yí àmì náà kó dúró dáadáa.

Ó ń ka DVD, ó ń ka sídì orin, kódà ó ń ka géèmù PS1 tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fi VCD fíìmù Yorùbá sínú rẹ̀ wàyí: kò ní dá ọ lóhùn! VCD sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù ilé wa ń bá jáde nígbà náà, ìdí nìyẹn tí màmá fi gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Gbé PS2 láti Èkó wá sí Abidjan, so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà nílé, ni pápá bá di dúdú àti funfun! Kò sí ohun tó bàjẹ́. PAL ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò nígbà náà, SECAM tí Faransé ń lò ni wọ́n sì ń lò ní Côte d'Ivoire. Tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ̀ ju SECAM lọ á gba àwòrán, á sì da àwọ̀ nù. Wá wo ẹni méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ọ̀kan mú pupa, tí èkejì mú búlúù, tí aṣọ méjèèjì wá rí bákan náà bí eré ti bẹ̀rẹ̀. Olúwarẹ̀ á gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá tán kó tó mọ̀!

Ṣé o mọ̀ pé o lè gbọ́ Faransé lọ́jà Ejigbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí wọ́n sì bá ọ ṣẹ́ owó CFA níbẹ̀? Abidjan ló fà á, torí àwọn ará Ejigbo tó ń gbé níbí kò lóǹkà. Ọmọ Niangon tó bá bá ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ lásìkò ìsinmi nígbà náà á bá àwọn ọmọ àǹtí rẹ̀ nídìí géèmù bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní Winning Eleven, á sì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n o! PES rẹ̀ náà ni: Winning Eleven ni Konami pè é ní Jàpáànù, Pro Evolution Soccer ni wọ́n pè é fún Yúróòpù.

Ẹ̀dà ti Jàpáànù tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bọ́tìnnì olóbìírípo ni "bẹ́ẹ̀ ni" níbẹ̀, X sì ni "bẹ́ẹ̀ kọ́", torí báyìí ni wọ́n ṣe mọ àwọn àmì méjèèjì lọ́hùn-ún láti ilé ìwé. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi X gba nǹkan wọlé á kàn máa jáde síta ṣáá ni!

Ohùn ọkùnrin tó sì ń pariwo bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ ńkọ́? Jon Kabira ni orúkọ rẹ̀. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ tí gọ́ọ̀lù bá wọlé, a mọ ibi tó máa fa ohùn dé, a sì ń bá a fà á.

Drogba gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tí kò sí láyé! Nínú PES 5, Chelsea ni wọ́n kọ gedegbe. Nígbà tí PES 6 dé ní 2006, àṣẹ láti lo orúkọ náà kò sí lọ́wọ́ Konami mọ́, ni Chelsea bá di "London FC". Manchester United rìn lọ́nà kejì pátápátá: "Man Red" ni wọ́n nínú PES 5, wọ́n sì gba orúkọ wọn padà nínú PES 6. Ti Liverpool ńkọ́? "Merseyside Red". Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Niangon nígbà náà mọ gbogbo èyí lórí, kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Kí ni ìyá Castolo ń jẹ́? Má ṣe wá a kiri, kò sí! Castolo, Minanda, Ximelez, Ivarov tó ń ṣọ́lé: Konami ló ṣẹ̀dá gbogbo wọn láti fi bẹ̀rẹ̀ Master League inú PES, wọn kò gbé ayé rí. Síbẹ̀ mo mọ àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ Castolo bí ẹni tí wọ́n jọ gbé ilé kan náà, mo sì gbà á gbọ́.

Àwòrán ta ni wọ́n fi síwájú PES 3? Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù o. Rẹfirí ni! Pierluigi Collina, ará Ítálì tí orí rẹ̀ pá kodoro, tí ojú rẹ̀ tóbi.

Orúkọ Yorùbá wà lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá jù nínú PES. Ju bọ́ọ̀lù gígùn síwájú Obafemi Martins, di R1 mú, kó o sì máa wo àwọn ẹlẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí i.

Ní Ife Àgbáyé 2006, Côte d'Ivoire lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, Nàìjíríà sì jókòó sílé nítorí Àǹgólà. Ṣùgbọ́n géèmù tí EA ṣe fún ìdíje náà kó orílẹ̀-èdè 127 sínú, kì í ṣe 32! Ọmọ Yorùbá tó wà ní Niangon lè mú Nàìjíríà, kó sì gbé e lọ sí Jámánì fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún yẹn, Drogba gbá gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Côte d'Ivoire jẹ ní Ife Àgbáyé, àmọ́ Ajẹntínà fi 2-1 borí. Lórí páàdì, a ti yí èsì yẹn padà láìmọye ìgbà.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan rí, ẹgbẹ́ Bẹ́ljíọ̀m kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Abidjan tán? KSK Beveren ni! Àwọn ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ASEC ní Abidjan jáde pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ipò mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Yaya Touré, Eboué, Romaric àti Gervinho ló gba ibẹ̀ kọjá. Líìgì Bẹ́ljíọ̀m sì wà nínú FIFA ìgbà náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò ó kọjá láti lọ mú Real Madrid. Ohun tí wọ́n fò kọjá yẹn dùn mí títí dòní!

Ó yá, ká fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. GTA San Andreas, tó kún fún Amẹ́ríkà láti orí dé ẹsẹ̀, Skọ́tílàǹdì ni wọ́n ti ṣe é, ní ìlú Edinburgh! Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, kò sì sí géèmù PS2 mìíràn tó tà tó o: ó lé ní mílíọ̀nù 17.

Tommy Vercetti inú GTA Vice City ní ilé, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ń gbé ìlú tí òkun yí ká, ṣùgbọ́n bó bá já sómi, ó kú nìyẹn. CJ ló kọ́kọ́ mọ odò wẹ̀ láàárín àwọn akọni GTA.

CJ yìí kan náà, tó bá jẹun jù, á bì! Tó bá ń jẹ lójoojúmọ́ tí kò ṣe eré ìdárayá, ikùn rẹ̀ á yọ síta, sísáré á sì di wàhálà fún un. Tí kò bá jẹun rárá, á rù hángógó. Ṣe é bí ẹni tó ń jẹ garba, oúnjẹ Abidjan, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, wàá rí ohun tó máa dà.

Jẹ́ kí n dán ọ wò nínú San Andreas náà. R1, R2, L1, X, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè… kí ló kù? Tún òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè tẹ̀ ni: ara á le, ẹ̀wù ìdáàbòbò á dé, 250,000 dọ́là á sì bọ́ sápò. Ìwé àwòkọ kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nígbà yẹn tí irú àṣírí báyìí kún iwájú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ilé ìṣirò.

Funfun tó wà lára Kratos inú God of War kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Eérú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó gbá a dé òpin láì mọ èyí, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ.

God of War II jáde ní 2007, lórí PS2, nígbà tí PS3 ti wà lọ́jà láti ọdún tó ṣáájú! Àwọn tó ṣe é fi ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀, wọ́n bá àgbà jẹun.

Devil May Cry yẹ kó jẹ́ Resident Evil 4. Bẹ́ẹ̀ ni! Iṣẹ́ náà yà kúrò lójú ọ̀nà débi pé Capcom fún un lórúkọ tirẹ̀ ní 2001, wọ́n wá lọ bẹ̀rẹ̀ Resident Evil 4 mìíràn.

Eddy Gordo inú Tekken, tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan fi ń na ọ̀gá, capoeira ló ń jà, ìjà tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú fi sílẹ̀ ní Bùràsílì. Ènìyàn gidi ló ta gbogbo ìpá yẹn kí wọ́n tó kó o sínú ẹ̀rọ: Marcelo Pereira, olùkọ́ capoeira. Nígbà tó o bá ń tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀ láìwo ibì kan, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá lò ń ná.

Ìjàkadì Amẹ́ríkà, àwọn Jàpáànù ló ṣe é: Yuke's ni iléeṣẹ́ tó ṣe SmackDown! Here Comes the Pain ní 2003.

Ta ni yóò ní sùúrù fún akọni 161? Iye tó wà nínú Dragon Ball Z: Budokai Tenkaichi 3 nìyẹn, tí a bá ka ìparadà wọn mọ́ ọn. Kí ẹni kejì tó yan tiẹ̀ tán, oúnjẹ ti jinná!

Áfíríkà náà ní géèmù tirẹ̀: ọdún 2016 ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde láti Kamẹrúùnù, iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, tí agbára àwọn baba ńlá sì ni akọni rẹ̀ fi ń jà. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 2017, Abidjan ṣe FEJA àkọ́kọ́, ayẹyẹ géèmù tirẹ̀.

Ìgbà wo ni Sony dẹ́kun ṣíṣe PS2? Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Ìgbà wo ni PES 2014 jáde fún PS2? Ìparí ọdún 2013 yẹn kan náà, lóṣù kan náà tí PS4 dé Amẹ́ríkà!