Ohun Tó Ń Jẹ Ẹja Lórí Pẹpẹ

Ẹ gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan ní ọjà Igbókòdá, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀, kí ẹ wo ohun tó dà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èérún ẹja lásán ni, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun tó rí rúsúrúsú bá wà níbẹ̀, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó nírun lára wà láàárín rẹ̀, ẹ má tíì sanwó. Ìgbẹ́ kòkòrò ni ìyẹ̀fun yẹn. Awọ onírun náà sì ni èyí tí ọmọ kòkòrò bọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ.

Bí àwọn ará òkè bá ń sọ̀rọ̀ kòkòrò inú aká, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń sọ. Ní etíkun Ìlàjẹ, láti Ayétòrò dé Awóyè, ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbin àgbàdo sí kò tó nǹkan. Ẹja gbígbẹ àti edé ni wọ́n ń kó pamọ́ níbẹ̀. Ẹ̀wà ń bá ọkọ̀ ojú omi wọlé ni. Nítorí náà, ibi ẹja ni n ó dúró sí jù.

Kòkòrò kì í ya bo ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Eṣinṣin ló ń ṣíwájú. Ẹja tútù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí iná tó ràn ló ń yé sí, pàápàá ní ẹnu àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìdin á sì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá tètè fọ ẹja, tó tètè gbé e sórí iná, ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Nígbà tí ẹja bá gbẹ tí kò wu eṣinṣin mọ́ ni kòkòrò dúdú kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dermestes maculatus máa ń dé. Àgbà rẹ̀ kì í sábà gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó rí i pé ikùn rẹ̀ funfun. Ó ń fò, nítorí náà kò dìgbà tí ẹnì kan bá gbé e wá. Inú ihò àti ìlà tó wà lára ẹja ló ń yé sí. Ìyá ń jẹ ẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ló ń bà á jẹ́ jù: onírun ni, kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, á gbẹ́ ọ̀nà wọ inú ẹran títí tí yóò fi ku awọ àti egungun. Lójú, odindi ẹja ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó rún. Nínú ooru tiwa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje ni ẹyin ń gbà kó tó di àgbà.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí, òun náà sì ni wọ́n ń gbójú fò. Bí ọmọ kòkòrò yìí bá jẹun yó, á jáde kúrò nínú ẹja, á wá ohun líle kan tí yóò dá ihò sí, níbi tí yóò ti yí padà di àgbà. Igi sì wà lára ohun tó fẹ́ràn jù. Ẹ wá ro ilé etí omi Ìlàjẹ: pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀, pákó ni pẹpẹ tí wọ́n to agbọ̀n lé. Ìyá ẹlẹ́ja lè tún ẹja yan dáadáa, kó dá a padà sínú agbọ̀n àná lórí pẹpẹ àná, kó sì máa yà á lẹ́nu pé kòkòrò tún dé. Kò lọ síbì kankan. Inú pákó ló wà.

Èkejì rẹ̀ kéré jù ú lọ, àwọ̀ búlúù tó ń dán ló ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Necrobia rufipes ni wọ́n ń pè é. Ẹja ọlọ́ràá ló wù ú, kò sì fi àgbọn gbígbẹ sílẹ̀. Ó tún ń jẹ ọmọ àwọn kòkòrò yòókù, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn bá a ṣọ̀rẹ́.

Iná ni oògùn tó dára jù, bí a bá mọ̀ ọ́n dá. Bí iná bá le jù níbẹ̀rẹ̀, awọ ẹja á gan, omi inú á sì há sí ìdí egungun. Iná pẹ̀lẹ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà jáde, ká tó wá fi ooru sí i. Bí ooru tó tó nǹkan bíi 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius bá wọ ẹja dé inú fún bíi wákàtí kan, ẹyin àti ọmọ kòkòrò ò ní yè é. Ààrò tó ní ìlẹ̀kùn, irú èyí tí NSPRI, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ohun ìpamọ́ tó wà ní Ìlọrin, ṣe, máa ń há ooru mọ́ ju àgbá tó ṣí sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ òkun kún fún omi. Ẹja tó gbẹ táútáú lónìí á tún máa fa omi padà. Bí wọ́n bá ń gbé e padà sórí iná lọ́sẹ̀ méjì méjì, kò sí ọmọ kòkòrò tí yóò ráyè dàgbà. Ìnáwó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn: igi kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹja tí wọ́n yan léraléra sì ń rún. Ọjọ́ tí ẹja bá wà lórí iná ni kí wọ́n gbọn agbọ̀n, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n da omi tó ń hó sí àlàfo pákó. Ẹja tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé. Iyọ̀ púpọ̀ náà ń lé Dermestes, ṣùgbọ́n oníbàárà kì í ra ẹja tó ba ọbẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín bo ẹja, nítorí oògùn wà lára rẹ̀. Àwọ̀n lásán tí ojú rẹ̀ kéré ni ká lò.

Ẹni tó ń fín oògùn kòkòrò bíi Sniper tàbí ọ̀tápíápíá sí ẹja, májèlé ló ń tà. Dichlorvos tó wà nínú Sniper ń da iṣẹ́ àwọn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ rú, kì í sì í ya ti kòkòrò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ènìyàn. Òun ni wọ́n bá nínú ẹ̀wà Nàìjíríà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2015. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kékeré oní-100 mílílítà rẹ̀.

Ní ti ẹ̀wà, kòkòrò rẹ̀ ti máa ń yé sí i láti oko. Ọmọ rẹ̀ wà nínú hóró, ìdí nìyẹn tí fífẹ́ ẹ̀wà kò fi tó. NSPRI ní ìyẹ̀fun kan, NSPRIDUST, tó ń họ ara kòkòrò kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, ṣùgbọ́n irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi bíi ti etíkun. Kẹ́ẹ̀gì ni mo fara mọ́ níbẹ̀. Kó gbẹ, kí ẹ̀wà inú rẹ̀ náà gbẹ, kó kún dé ẹnu, kí ìdérí rẹ̀ má jò. Kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Láìsí afẹ́fẹ́, ara wọn kò lè ṣe omi tí wọ́n nílò, òùngbẹ ló sì ń pa wọ́n. Èyí tí a óò máa bù sè, ká kó o sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré lọ́tọ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ti ńlá ni a ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ tuntun.