Níbo La Ó Pàgọ́ Sí ní Normandy?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹni tí ó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth lọ sí Ouistreham ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n fi ojú rí etíkun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu 1944. (Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà o!)

Nígbà tí èrò kò pọ̀, owó àgọ́ a máa rọjú. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ọgbà tí wọ́n ń pàgọ́ sí ni wọ́n máa ń tì pa. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò ṣí, kí ẹ sì béèrè bóyá omi gbígbóná wà. Kí ni bàbá yóò sọ fún ọmọ mẹ́ta lẹ́nu géètì tí wọ́n ti tì?

Àgọ́ etí òkun dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn tútù ibẹ̀ kò mọ ọmọdé. Ẹ̀bá Bayeux ni mo fara mọ́: ìlú ni, ẹ ó rí oúnjẹ rà, kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ sí Arromanches. Níbẹ̀, bí omi òkun bá fà, àwókù èbúté tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ́ gba orí òkun wá yóò hàn. Ẹ kọ́kọ́ wádìí àkókò tí omi ń kún, kí àwọn ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ sí iyanrìn.