Ta Ni Yóò Béèrè Owó Ìlú ní Àjàṣẹ́?

Ní Onigbolo, nínú kọmúùnù Pobè, ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí Benin àti Nàìjíríà dáwó jọ dá sílẹ̀ wà. Nígbà ìdásílẹ̀ rẹ̀, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti Benin, 43 jẹ́ ti Nàìjíríà, 6 tó kù sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ FLSmidth ti Denmark. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n retí pé sìmẹ́ǹtì yóò máa wọ Nàìjíríà lọ, owó yóò sì máa bọ̀. Gbèsè ló bọ̀, nígbẹ̀yìn wọ́n tà á fún aládàáni. N kò sọ pé olè ló bà á jẹ́ o. Ọjà tó dẹnu kọlẹ̀ àti ìṣirò tí kò péye lè ba ilé-iṣẹ́ jẹ́ láìsí olè níbẹ̀ rárá. Ohun tí mo ń wò ni pé ní gbogbo àwọn ọdún 1980 yẹn, kò sí ẹnì kan ní ilé aṣòfin tó lè dìde dúró kó ní kí mínísítà wá ka ìwé owó ilé-iṣẹ́ náà sétí ará Pobè. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, PRPB, ẹgbẹ́ Ààrẹ Kérékou. Òun ló ń yan ẹni tí yóò jókòó sílé aṣòfin, òun náà ló ń ṣèjọba. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí kò fara sin. Báǹkì mẹ́ta tí ìjọba ní, BCB, BBD àti CNCA, wó lulẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 tó parí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣiṣẹ́ oṣù lórí oṣù láìrí owó gbà. Mohamed Cissé, àlùfáà tó jẹ́ olùdámọ̀ràn Ààrẹ Kérékou, ni ilé ẹjọ́ wá dá lẹ́bi ní 1992 nítorí owó báǹkì. Nítorí náà, nígbà tí àpérò gbogbogbòò ti Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990 ṣí ọ̀nà fún ìwé òfin tuntun, àwọn tó kọ ọ́ ti rí ohun tí ilé aṣòfin tó dákẹ́ ń fà. Ìwé òfin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990 fi irinṣẹ́ mẹ́rin lé aṣòfin lọ́wọ́ ní ẹ̀ka 113: pípe ìjọba wá sọ tẹnu rẹ̀, ìbéèrè inú ìwé, ìbéèrè ẹnu, àti ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹ̀ka 90 ní a kò gbọdọ̀ mú aṣòfin nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ tàbí ìbò tó dì lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti ní iṣẹ́ aṣòfin, tí à ń pè ní dépité, ni láti gbé àpò ìrẹsì wá síbi òkú.

Kí ni ìbéèrè lásán lè ṣe sí olè? Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Ìwé pélébé ni, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Abala kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó sanwó, ìdí rẹ̀ ṣẹ́kù sínú ìwé agbowó. Agbowó tó bá ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tó san 100 fránkì kò rí ibi jí i gbé, bó ti wù kí ebi pa á tó. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹlẹ́pà bá ní, "Má wulẹ̀ já a, gba 50," àwọn méjèèjì ti jèrè, kọmúùnù nìkan ló pàdánù, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀, àfi bí ẹnì kan bá ka ìdí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ iye ìsọ̀ tó wà lọ́jà. Ìyá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, agbowó náà lè máa kírun wákàtí márùn-ún. Àìsí ẹni tí yóò kà á ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Kíkà yẹn ni iṣẹ́ aṣòfin lórí owó orílẹ̀-èdè, bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ kọmúùnù lórí owó ọjà. Ariwo "olè! olè!" kò dí ihò tí owó ń gbà jò. Ìbéèrè tó ní iye, tó ní ọjọ́, tí a kọ sílẹ̀, tí mínísítà sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ dáhùn, ló lè dí i.

Ọ̀rọ̀ ICC Services fi agbára irinṣẹ́ wọ̀nyí hàn, ó sì fi ibi tí wọ́n mọ hàn. Ilé-iṣẹ́ náà ń gba owó aráàlú pẹ̀lú ìlérí èlé tí báǹkì kankan kò lè san. Owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ṣáájú. Àwọn tó ni ín ń fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣẹ, tálákà sì gbà pé ìjọba ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó dojú dé ní 2010, ó lé ní bílíọ̀nù 100 fránkì CFA tó bá a lọ. Ní oṣù keje wọ́n yọ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nípò. Ní oṣù kẹjọ, àádọ́ta aṣòfin nínú 83 fọwọ́ sí ìwé pé kí Ààrẹ Yayi Boni lọ jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ gíga tó wà fún àwọn aláṣẹ. Ìwé òfin sì béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tó jẹ́ 56. Ẹni mẹ́fà péré ló dín. Ẹjọ́ náà kò wáyé, Yayi tún wọlé ní 2011, ó sì di 2019 kí CRIET, ilé ẹjọ́ tó wà fún ọ̀ràn owó, tó dájọ́ àwọn tó ni ICC. Síbẹ̀ n kò ka ìwé ẹni àádọ́ta náà sí òfo. Ní ìgbà PRPB, ẹnì kan kì bá fọwọ́ sí i. Oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni òfin 2011-20 lórí ìwà ìbàjẹ́ jáde, tó dá ilé-iṣẹ́ ANLC sílẹ̀. Wọ́n ká ANLC kúrò nílẹ̀ ní 2020, wọ́n fi ọ́fíìsì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tí òfin bá gbé kalẹ̀, òfin lè ká a. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká gbé gbogbo ìrètí wa lé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ owó omi jáde. Họ́láńdì ń fi owó ran Benin lọ́wọ́ láti kọ́ kànga àti ẹ̀rọ omi sí ìgbèríko. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin owó yúrò ni wọn kò rí ojútùú rẹ̀, ni wọ́n bá dá ìrànwọ́ wọn dúró. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó mówó wá láti òkèèrè ló kọ́kọ́ fi ìyà jẹ ni, kì í ṣe ẹni tí abúlé dìbò fún.

Ẹlòmíràn á ní: aṣòfin wo lọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó láti nàka sí ẹnikẹ́ni? Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Farouk Lawan ni alága ìgbìmọ̀ tó wádìí owó ìrànwọ́ orí epo ní 2012. Òun kan náà ló gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo láti yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹni yẹn kúrò nínú ẹ̀sùn. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje ní 2021, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dín in sí márùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2024. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù: ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé bílíọ̀nù 245 náírà ni ìsúná 2011 yà sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ náà, tí ohun tí wọ́n san sì lé ní tírílíọ̀nù méjì. Ọwọ́ Lawan dọ̀tí, iye yẹn kò sì di irọ́. Ti Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi yàtọ̀. Ní oṣù kẹta 2024 ó sọ lórí BBC Hausa pé wọ́n ti ki tírílíọ̀nù 3.7 náírà bọ inú ìsúná láìsí àlàyé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n pè é padà kó tó pé, ṣùgbọ́n ìjìyà rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ, ọ̀rọ̀ owó ti rọra bọ́ sẹ́yìn.

Ṣé CRIET tí òfin dá sílẹ̀ ní 2018 kò tó ni? Ó ń ṣiṣẹ́, ó ti rán àwọn ọ̀gá lẹ́wọ̀n. Àmọ́ ẹ̀yìn tí ẹran bá ti bọ́ lawo ni adájọ́ ń dé. Ìjọba ló sì ń yan agbẹjọ́rò àgbà ibẹ̀, èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ máa bi ara wọn pé ta ni wọ́n ń mú, ta ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Adájọ́ kì í ka ìsúná kí wọ́n tó ná an. Aṣòfin ló ń kà á.

Èyí tí mo ń gbọ́ jù ni ti àwọn tó ní, "Ọmọ wa ni, bó bá bá ìjọba fà á, ọ̀nà wa kò ní dé." Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, pàápàá ní ilẹ̀ tó ti dúró pẹ́ kó tó rí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kò sí owó ọ̀nà lápò dépité kankan. Inú ìsúná tí gbogbo wọn dìbò fún ló wà, ẹ̀ka 80 sì ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń ṣojú fún. Ọ̀nà tí ó yẹ kí ọ̀dà rẹ̀ nípọn tí wọ́n wá fi díẹ̀ dín, àkọ́rọ̀ òjò ló ń kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọlọ́kadà. Wọn kì í bi òjò bóyá aṣòfin ibẹ̀ bá ìjọba rẹ́ tàbí kò bá a rẹ́.

Ìbò oṣù kìíní 2026 tún wá mú ọ̀rọ̀ le. Ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ìjọba, UPR àti BR, ló pín ìjókòó 109 láàárín ara wọn, 60 sí 49, fún ọdún méje gbáko. Òfin ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan kó tó lè rí ìjókòó. Alátakò kò rí ìjókòó kan mú. Bí ìbéèrè kan yóò bá jáde, àárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìjọba ló ti máa jáde. Àwọn kan ti torí èyí sọ̀rètí nù. Èmi kò tíì sọ ọ́ nù, torí ìbéèrè inú ìwé kò nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta, kì í béèrè pé kéèyàn jẹ́ alátakò. Ẹni kan ló ń fọwọ́ sí i. Aṣòfin tí Sakété tàbí Pobè rán lọ sí Àjàṣẹ́ lè kọ ọ́ ní ọ̀la: ẹ̀rọ omi mélòó ni ìsúná sanwó rẹ̀ fún ẹkùn Plateau, mélòó ni omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lónìí, ta ló gba iṣẹ́ náà, èló ni wọ́n sì kà sí i lọ́wọ́?