Ajá Kékeré, Ìrọbí Ńlá

Ẹni tó bá ní abo ajá Chihuahua nílé kì í pẹ́ kó tó máa rò ó pé òun náà lè ta ọmọ rẹ̀. Ìṣirò náà kò le: oyún ajá kò ju bí ọjọ́ 63 lọ, bí ọmọ ajá bá sì ṣe tín-ín-rín tó ni owó rẹ̀ máa ń wọ́n tó. Ohun tí ìṣirò yìí gbójú fò ni pé kíkéré tó ń mú kí ọmọ ajá gbówó lórí yẹn náà ló ń há ìyá rẹ̀ mọ́ ojú ìrọbí. Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi náà ru olówó ajá tí kò bìkítà, wọn kì í sì í parọ́ nígbà mìíràn, àmọ́ ẹni tó bìkítà jù lọ pàápàá kò lè fi ìtọ́jú mú kí ìbàdí tóóró fẹ̀.

Chihuahua tó dàgbà tán kì í sábà wọ̀n tó kílò mẹ́ta. Irú abo bẹ́ẹ̀ kì í bímọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ọmọ náà du oúnjẹ àti àyè nínú ilé ọmọ, á sì tóbi ju ọ̀nà tó fẹ́ gbà jáde lọ. Orí ló máa ń há jù, nítorí orí Chihuahua rí roboto bí àgbálùmọ̀. Bí ìrọbí bá ti dúró síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ti àwọn ajá kékeré tí imú wọn wọlé tún le ju èyí lọ: ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Britain ní 2010 fi hàn pé nínú ìgbà 100 tí French Bulldog tàbí Boston Terrier bá bímọ, ó lé ní 80 tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Bó bá sì bí tán, ewu kò tíì tán. Wàrà tí àwọn ọmọ ń fà lẹ́nu ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ń kó èròjà calcium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ara kékeré yẹn kì í sì í rí i dí kíákíá. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á le gbagidi bí ọmọ tí gìrì mú, bí dókítà ẹranko kò bá sì tètè fa calcium sí i lára, ó lè kú. (Ẹni tó ń fún un ní oògùn calcium látìgbà oyún kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀ ń dá kún un ni, torí ara ajá náà á gbàgbé bó ṣe ń fa èròjà yìí jáde látinú egungun.) Ọmọ náà kò bọ́ sínú ìrọ̀rùn. Tí kò bá rí oúnjẹ fún wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, àwùjẹ̀ àwọn mìíràn kì í sì í dí títí wọ́n á fi dàgbà.

Ẹnì kan á sọ pé ajá ìbílẹ̀ wa ń bímọ lábẹ́ ọkọ̀ láìsí agbẹ̀bí. Òótọ́ ni, ohun tí mò ń sọ gan-an sì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń torí kíkéré yan ọkọ fún ajá ìbílẹ̀. Èyí tí ìbàdí rẹ̀ há jù kì í fi ọmọ sílẹ̀ láyé. Ní ti Chihuahua, iṣẹ́ abẹ á gba ìyá, á gba ọmọ, ọmọbìnrin rẹ̀ á sì jogún ìbàdí náà. Ìdí nìyẹn tí Kennel Club ilẹ̀ Britain kì í fi forúkọ ọmọ tí abo kan bá bí sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ: ajá kékeré máa ń pẹ́ láyé ju ajá ńlá lọ. Mi ò jiyàn. Kíkéré fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣíṣe àṣejù nínú rẹ̀ ni mo ń bá jà. Ẹ wo Cavalier King Charles Spaniel, tí agbárí rẹ̀ kéré fún ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ìrora ọrùn. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Norway dájọ́ pé mímú Cavalier gun Cavalier lòdì sí òfin ààbò ẹranko. Ẹjọ́ náà kò dí ọ̀nà mọ́ dída ìran yìí pọ̀ mọ́ ìran ajá mìíràn, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè gùn lórí, kó sì tóbi díẹ̀ sí i, kó má sì jọ èyí tí oníbàárà rí nínú fọ́tò.