Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bi Òróró

Ní Èjìgbò l'Ékòó, ohun méjì ni "epo" ń jẹ́. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá tò sẹ́bàá ọ̀nà nítòsí ibùdó epo NNPC tó wà níbẹ̀, bẹtiróòlù ni wọ́n wá gbé, epo sì ni à ń pè é. Bí ìyá alátẹ bá ń rọ epo pupa sínú ìgò lọ́jà, epo náà ni. Ẹni tó sọ méjèèjì lórúkọ kan náà kò ṣìnà. Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn ló so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n nínú wọn, agbára oòrùn ló sì fara pamọ́ síbẹ̀. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ Diesel kan, ó sì ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀wọ̀n inú epo jíjẹ ní orí tí ọ́síjìn wà lára rẹ̀. Orí yẹn ni ara wa ń rí dì mú, tó fi ń tú u díẹ̀díẹ̀. Gíráàmù kan rẹ̀ ń fún wa ní kálórì 9, bẹ́ẹ̀ gíráàmù kan sítáàṣì inú gààrí kò ju 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí fi ń di òróró lẹ́rù fún ọmọ tí yóò hù láti inú wọn: ẹrù fúyẹ́, oúnjẹ pọ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ra òróró lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń bèèrè ni bóyá ó ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ara kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ ti dáhùn kí a tó bèèrè: kò ní rárá. Èmi gbà pé ìbéèrè náà ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹranko ló ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Èyí tó wà nínú òróró igi àti ewéko kò tó nǹkan, yálà wọ́n kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì tàbí wọn kò kọ ọ́. Kí a máa fi ìyẹn polówó òróró ẹ̀pà dà bí kí a kọ ọ́ sára àpò iyọ̀ pé kò ní egungun. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í sì í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ ni ara ti ń rí họ́mọ̀nù tó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin àti èyí tó ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin, inú rẹ̀ ni òróòro ti ń wá, ẹ̀yà rẹ̀ kan sì ni oòrùn ń sọ di fítámì D lára awọ wa. Àpọ̀jù rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń dí iṣan.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yìí, epo, àdín, òrí, ọ̀rá ẹran àti ìda oyin pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, lípíìdì, nítorí pé wọn kì í bá omi pò. Ìda irú bẹ́ẹ̀ ló wà lójú ewé kókò tí omi fi ń yọ̀ dànù lórí rẹ̀. Èyí tó jọ mí lójú jù lọ ni phospholipid. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ kórìíra omi, nítorí náà bó bá ti bọ́ sínú omi, ńṣe ló ń tò ní ìlà méjì, tí ìrù kọjú sí ìrù. Lọ́dún 1925, Gorter àti Grendel, ará Netherlands, yọ lípíìdì inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí omi, wọ́n sì rí i pé fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ojú ara sẹ́ẹ̀lì náà. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé ògiri ọ̀rá onípele méjì ló yí sẹ́ẹ̀lì ká. Lára phospholipid yìí náà ló ń bo inú ẹ̀dọ̀fóró tí kì í fi í lẹ̀ pọ̀ bí a bá mí síta. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í ní i tó, ìdí nìyẹn tí èémí fi ń ṣòro fún un.

Nítorí náà, dípò ìbéèrè kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ohun tó yẹ ká bèèrè ni bí ẹ̀wọ̀n inú epo ṣe rí, àti ohun tí iná ti fi ojú rẹ̀ rí. Bí ẹ̀wọ̀n bá gún gbọọrọ, wọ́n á tò pọ̀ bí igi ìdáná, epo á sì dì. Bí ó bá tẹ̀, wọn kò lè tò, epo á máa ṣàn. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ló gún, ti àdín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dì nígbà ọyẹ́, tí òróró ẹ̀pà kì í fi í tètè dì. Ẹja Titus ń gbé inú òkun tútù, ọ̀rá rẹ̀ kò gbọdọ̀ dì, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì tẹ̀ gan-an; irú èyí ń ṣe ọkàn lóore. Èyí tó burú jù ni ọ̀rá trans, tí ilé iṣẹ́ ń dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fipá mú òróró dì: ó ń fi kún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú tó ń dí iṣan, ó sì ń dín èyí tó dára kù. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fi òfin 2022 pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá.

Ẹnìkan lè sọ pé epo pupa ni àwọn baba ńlá wa jẹ dàgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹsẹ̀ rin lọ sóko, wọ́n sì ń roko títí oòrùn fi ń wọ̀; ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ láti Èjìgbò dé Ìkẹjà kò lè jẹ ìwọ̀n tiwọn. Ẹlòmíràn á ní dókítà ló sọ pé kí òun dín epo kù. Kó ṣe bẹ́ẹ̀. Dídínkù yàtọ̀ sí yíyọ kúrò pátápátá, torí pé ẹ̀fọ́ tí kò ní epo rárá ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú èròjà tí ara ń sọ di fítámì A kọjá lọ lásán. Èròjà yẹn kan náà ló mú epo pupa pupa. Bí a bá wá yọ́ ọ títí tó fi ń rú èéfín, tó funfun fún ọbẹ̀ ayamáṣe, iná ti jẹ èròjà náà tán. Òróró àkàrà tí wọ́n ń dá padà sí agbada lójoojúmọ́, tó dúdú, tó ń hó ìfófòó, ti bàjẹ́ lọ́nà tí kò sí kẹ́ẹ̀gì kankan tó lè kọ ọ́ sára. Ẹnu oníbàárà nìkan ló lè yọ ọ́ jáde: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ da òróró yìí sínú agbada?"