Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbóná Tó Sì Ń Kú Lójijì

Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń kú lójijì, ẹ má tètè sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ rọra fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá gbóná gan-an, ó lè jẹ́ pé ooru ló fà á. CPU máa ń ṣe ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Tí ooru rẹ̀ bá fẹ́ tó 100°C, bíi ti omi tó ń hó, kọ̀ǹpútà á pa iná ara rẹ̀ kí CPU má baà jóná.

Fáànù ló yẹ kó lé ooru náà jáde, àmọ́ eruku máa ń dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Nílé wa, orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé láptọ́ọ̀pù sí, aṣọ á sì bo ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí a bá ń fi fídíò bá Màmá àgbà sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn ló máa ń kú jù, torí fídíò máa ń fún CPU níṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n á rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ gé ìpè mọ́ àwọn létí!

Orí tábìlì ló dáa jù. Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá fi atẹ́gùn inú agolo fẹ́ eruku náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ inú rẹ̀. Àbúrò mi ní ká gbé e sínú fíríìjì. Rárá o! Ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀.

Tí fáànù ò bá yí rárá, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ ilé-ìwé yín sórí fláàṣì.